Ẹni Tó Ń Ya Fídíò



Iṣẹ́ fídíò yíyà ni mo ń ṣe níbi ìkómọ, ìgbéyàwó àti ìsìnkú àgbà ní Lọ́ńdọ̀nù yìí. Àwọn kan rò pé ìnáwó là ń yà. Rárá o, ènìyàn ni. Ìyá arúgbó kan jókòó jẹ́ẹ́ ní kọ̀rọ̀. Mo ní, "Màmá, ẹ kí ìyàwó fún wa." Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ oríkì, gbogbo gbọ̀ngàn pa lọ́lọ́. Bàbá onígángan kan náà sọ fún mi pé òun kì í fi ìlù kí ẹni tí òun ò mọ orúkọ bàbá rẹ̀. Òun á kọ́kọ́ béèrè kí òun tó gbé kọ̀ǹgọ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wà ńlẹ̀ o. Kásẹ́ẹ̀tì VHS tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín ń bàjẹ́ lọ. Ọ̀rinrin ń jẹ téèpù inú rẹ̀. Iléeṣẹ́ Funai ní Japan, tó kẹ́yìn nínú àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ rẹ̀, sì dáwọ́ dúró ní 2016. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bá yín dà á sínú kọ̀ǹpútà kó tó pẹ́ jù.

Ẹ̀yin ọmọdé, kámẹ́rà ni fóònù náà. Ẹ lọ bá màmá àgbà. Ẹ pa tẹlifíṣọ̀n, ẹ gbé fóònù ti nǹkan kó má baà mì, kí ẹ wá bi wọ́n: "Ta ló bí yín? Kí ni oríkì wa?" Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán, ẹ má já lu ọ̀rọ̀ wọn.

Ó dìgbà kan ná.