Tíì Èso Gbígbẹ: Oúnjẹ Ni Tàbí Oògùn?

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Bí a bá gbọ́ nípa àṣà ilẹ̀ mìíràn, kò yẹ kí a fi í ṣe yẹ̀yẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí a gbé e mì láìjẹ ẹ́ lẹ́nu. Ọ̀kan nínú irú àṣà bẹ́ẹ̀ ni ti àwọn ará Ṣáínà, tí wọ́n máa ń fi èso gbígbẹ se tíì nínú ilé láti tọ́jú ara. Ọ̀nà méjì ni àwọn ènìyàn pín sí lórí rẹ̀. Àwọn kan ní omi dídùn lásán ni. Àwọn mìíràn ní kò sí àrùn tí kò lè wò. Èrò tèmi ni pé apá méjèèjì ni ó ṣìnà. Oúnjẹ ni tíì yìí, oúnjẹ rere sì ni. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí a bá fi í sí ipò oògùn ni ó di ewu.

Láti ìgbà láéláé ni àwọn ará Ṣáínà ti gbà pé orísun kan náà ni oúnjẹ àti oògùn ti ṣẹ̀ wá. Oníṣègùn ńlá kan wà láàárín wọn tí ń jẹ́ Sun Simiao, ẹni tí ó kú ní 682. Ó kọ́ àwọn oníṣègùn pé kí wọ́n kọ́kọ́ wá ìdí àrùn, kí wọ́n sì fi oúnjẹ tọ́jú rẹ̀. Bí oúnjẹ bá kùnà, nígbà náà ni kí wọ́n tó lo oògùn. Ní 1330, Hu Sihui, tí ó ń bójú tó oúnjẹ ní ààfin, gbé odindi ìwé kan kalẹ̀ fún ọba lórí oúnjẹ àti ohun mímu tí ń ṣe ara lóore. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti àná.

Èso tí wọ́n ń lò pọ̀. Hongzao jẹ́ èso pupa kan tí ó ní kóró kan ṣoṣo nínú, tí ó ń hunjọ bí ó bá gbẹ, tí ó sì ń dùn bíi dàbínù. Gouqi kéré jù ú lọ, ó pupa bí ata wẹ́wẹ́. Èyí tí ó ti Ningxia wá ni òkìkí rẹ̀ kàn jù. Èèpo ọsàn pàápàá kì í ṣòfò. Ní Xinhui, ní ẹkùn Guangdong, wọn a sá a gbẹ, wọn a tọ́jú rẹ̀ fún ọdún 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí ó sì ti ń pẹ́ sí i ni iye rẹ̀ ń ga sí i.

Wọn kì í kó èso pọ̀ bí ó ti wù wọ́n. Wọ́n pín oúnjẹ sí èyí tí ń mú ara gbóná àti èyí tí ń mú ara tutù. Kì í ṣe ooru iná ni wọ́n ń wí, bí kò ṣe ohun tí wọ́n gbà pé oúnjẹ náà ń ṣe nínú ara. Sáyẹ́ǹsì òde òní kì í fi òṣùwọ̀n yìí wọn ènìyàn, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan wà nínú rẹ̀: kí a wo ẹni tí yóò mu tíì kí a tó gbé ìkòkò kaná.

Iṣẹ́ rẹ̀ kò le, ṣùgbọ́n ó fẹ́ ìmọ́tótó àti sùúrù. Ẹni tí yóò sá èso fúnra rẹ̀ yóò yan èyí tí kò bàjẹ́, yóò fọ̀ ọ́, yóò gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lọ́gbọọgba, yóò tẹ́ ẹ sórí àtẹ nínú oòrùn, yóò sì fi aṣọ tín-ín-rín bò ó nítorí eṣinṣin. Kí ilẹ̀ tó ṣú ni yóò kó o wọlé, kí ìrì má baà sẹ̀ sí i. Ó gbọ́dọ̀ gbẹ dénú kí ó tó wọ inú ìgò tí ìdérí rẹ̀ le. Èyí tí ó bá bu, dídànù ni tirẹ̀, nítorí oró tí ń bẹ nínú àwọn ohun bíbu kan kì í kú sínú omi gbígbóná. Bí a bá fẹ́ sè é, hongzao bí 6 tí a ti yọ kóró rẹ̀, àti ègé atalẹ̀ 2 tàbí 3, ti tó fún omi lítà 1. A ó jẹ́ kí ó máa hó lórí iná jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú 20 sí 30. Nígbà tí ó bá kù díẹ̀ kí a sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ni a ó tó da ẹ̀kún ṣíbí gouqi 1 sí i. Kò nílò ṣúgà. Èso náà ti dùn.

Irú tíì báyìí ń tu ọ̀fun lára, ó ń mú kí ènìyàn mu omi dáadáa, ó sì sàn fíìfíì ju ohun mímu inú ìgò tí ṣúgà kún inú rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kò lè rọ́pò èso tútù, nítorí fítámì C inú èso ń dín kù bí ó bá ti ń gbẹ.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ẹ̀kọ́ Sun Simiao. Òun fúnra rẹ̀ mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí oúnjẹ yóò kùnà. Ìdí àrùn ni ó sì ní kí a kọ́kọ́ wá, kì í ṣe èso. Bí ọmọ kékeré bá ń wúkọ́, tí ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, tí ìhà rẹ̀ ń wọnú bí ó ti ń mí, àrùn lè ti wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Wákàtí tí ìyá rẹ̀ fi ń se tíì fún un ni ó yẹ kí ó fi gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ìfẹ́ ni ó mú un ṣe é, ṣùgbọ́n ìfẹ́ nìkan kò ní kí ikú má wọlé. Ẹni tí ń lo warfarin, oògùn tí a fi ń dènà dídì ẹ̀jẹ̀, lè rí i pé gouqi sọ agbára oògùn náà di àpọ̀jù, kí ẹ̀jẹ̀ sì máa dà lára rẹ̀. Ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ kò gbọ́dọ̀ gbàgbé pé ṣúgà wà nínú hongzao. Kí irú àwọn bẹ́ẹ̀ bi dókítà léèrè kí wọ́n tó gbé ife sẹ́nu.

Àwọn kan yóò wí pé àṣà tí ó ti ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ kò lè jẹ́ irọ́. Lójú tèmi, ọjọ́ orí àṣà ń mú kí ó yẹ fún àyẹ̀wò. Kò sọ ọ́ di òtítọ́. Ẹ wo Tu Youyou, obìnrin ará Ṣáínà nnì. Nínú ìwé oníṣègùn àtijọ́ kan ni ó ti rí ọ̀rọ̀ nípa ewé qinghao fún ibà. Kò kàn sè é kí ó sì máa pín in fún aláìsàn. Ó fura pé ooru ń ba agbára ewé náà jẹ́, ó wá ọ̀nà mìíràn láti fa agbára rẹ̀ yọ, ó dán an wò lára ẹranko, lẹ́yìn náà lára òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kí ó tó kan aláìsàn. Láti inú iṣẹ́ yẹn ni àwọn oògùn ibà tí a ń lò ní ilé-ìwòsàn wa lónìí ti jáde, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 2015. Bí a ṣe ń bọ̀wọ̀ fún ọgbọ́n àwọn baba ńlá nìyẹn.

Àṣejù ni baba àṣetẹ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má kẹ́gàn ìkòkò tíì àwọn ará Ṣáínà, ẹ má sì sọ ọ́ di dókítà. Kí oúnjẹ máa ṣe iṣẹ́ oúnjẹ, kí oògùn máa ṣe iṣẹ́ oògùn. Ẹni tí ó bá mọ ààlà tí ó wà láàárín wọn ni ó mọ ìtọ́jú ara.