Ọpọ́n Ayò Nínú Kíláàsì: Èrò Kan Lórí Ẹ̀kọ́ Afọwọ́ṣe ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Òwe yìí fi yé wa pé iṣẹ́ wà tí ọmọdé nìkan lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, bí ó ti wù kí àgbà gbọ́n tó. Ẹ̀kọ́ kíkọ́ jẹ́ ọ̀kan nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ lè ṣàlàyé títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Bí ọmọ kò bá fi ọwọ́ kan ohun tí a ń sọ, tí kò sì fi ẹnu ara rẹ̀ bèèrè ìbéèrè, etí ni ọ̀rọ̀ náà yóò mọ, kò ní í dé ọkàn.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo lọ bẹ akẹ́kọ̀ọ́ wa kan wò lẹ́nu ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ni. Ìṣirò ìsọdipúpọ̀ ni ó ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹta. Ó ti ya àwòrán ọsàn sórí kádíbọ́ọ̀dù, ó kùn ún ní ọ̀dà mèremère, ó sì gbé e kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ pátákó ìkọ̀wé. Àwọn ọmọ ń ké e pé mẹ́rin lọ́nà mẹ́ta jẹ́ méjìlá, bí ẹni ń gbe orin. Mo ní kí ọ̀kan nínú wọn fi òkúta wẹ́wẹ́ hàn mí bí ó ṣe rí bẹ́ẹ̀. Ó wo ojú olùkọ́ rẹ̀, kò fọhùn. Lẹ́yìn iṣẹ́, mo bi akẹ́kọ̀ọ́ wa léèrè ìdí tí kò fi jẹ́ kí àwọn ọmọ fọwọ́ kan ohun èlò náà. Ó ní: "Ẹ má bínú, sà, wọn yóò bà á jẹ́ kí olùyẹ̀wò kejì tó dé."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, ṣùgbọ́n n kò bá a wí, nítorí àwa ni a kọ́ ọ. Ìwé ìgbéléwọ̀n tí mo mú lọ́wọ́ ní àyè fún máàkì lórí ẹwà ohun èlò ìkọ́ni. Kò sí ibì kan níbẹ̀ tí ó bèèrè bóyá ọwọ́ ọmọ kàn án.

Ohun Tí Ó Wà Nílé

Kò yẹ kí a máa wá ohun èlò kiri nígbà tí ó kún ilé. Ẹ wo ọpọ́n ayò. Ilé méjìlá ni ó ní, ọmọ ayò mẹ́rin-mẹ́rin ni a ń fi sínú ilé kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 48. Ọmọ tí ó bá to ọpọ́n náà ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ìsọdipúpọ̀. Kí olùkọ́ wá fún àwọn ilé náà ní nọ́ńbà láti 1 dé 12, kí ó sì bèèrè pé: bí mo bá kó ọmọ méje nínú ilé kẹta, tí mo ń fi wọ́n sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan sí àwọn ilé tí ó tẹ̀lé e, ilé wo ni èyí tí ó kẹ́yìn yóò bọ́ sí? Ilé kẹwàá ni. Bí ó bá jẹ́ márùn-ún ni mo kó nínú ilé kẹsàn-án ńkọ́? Yóò yí po, yóò bọ́ sí ilé kejì. Ọmọ yóò kọ́kọ́ méfò, lẹ́yìn náà ni yóò ta á wò. Ìméfò àti àyẹ̀wò yìí gan-an ni ìpìlẹ̀ sáyẹ́ǹsì.

Òǹkà wa pẹ̀lú jẹ́ ìṣirò fúnra rẹ̀. Kí a ní kí àwọn ọmọ kó ìdérí ìgò jọ ní ogún-ogún lọ́nà mẹ́ta: ọgọ́ta nìyẹn. Bí wọ́n bá mú mẹ́wàá kúrò, ó ku àádọ́ta. Bí wọ́n bá tún mú méjì kúrò, ó ku méjìdínláàádọ́ta, tí í ṣe iye ọmọ ayò inú ọpọ́n. Ọmọ tí ó bá ṣe èyí kò ní í há orúkọ òǹkà sórí mọ́, nítorí ó ti rí ìyọkúrò tí ó wà nínú orúkọ náà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni àlọ́. Kí a má fi mọ sí pípa lásán. Kí àwọn ọmọ ṣe é léré, kí wọ́n yí ìparí rẹ̀ padà, kí wọ́n sì sọ ìdí. Bí wọ́n bá gbin ẹ̀wà sínú agolo, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fi ohun tí wọ́n rí hun àlọ́ àpamọ̀ tuntun fún àwọn ẹgbẹ́ yòókù.

Èdè Tí Ọwọ́ Ń Bá Rìn

Ọwọ́ nìkan kò tó. Ọmọ gbọ́dọ̀ lè sọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí ní Mọdákẹ́kẹ́, níbi tí wọ́n ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Síbẹ̀, ìlànà èdè tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní ọdún 2022, pé kí a fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́, ni wọ́n fagi lé ní oṣù kọkànlá ọdún 2025. Èyí kò dùn mọ́ mi nínú. Ọmọ tí a bá fún ní ọpọ́n ayò, tí a sì dí lẹ́nu, ìdajì ẹ̀kọ́ ni a fún un.

Àwíjàre Wa

Àwọn kan yóò sọ pé ọmọ pọ̀ jù ní kíláàsì, pé owó kò sí, pé ìdánwò ń bọ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ nípa iye ọmọ. Ṣùgbọ́n a lè gbẹ́ ihò méjìlá sílẹ̀ lábẹ́ igi lọ́nà mẹ́wàá láìná kọ́bọ̀, kí ọmọ mẹ́rin-mẹ́rin jókòó ti ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ariwo yóò wà. Kí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ mọ ìyàtọ̀ láàrin ariwo ọjà àti ariwo iṣẹ́. Ní ti ìdánwò, ọmọ tí ó mọ bí mẹ́rin lọ́nà mẹ́ta ṣe di méjìlá kò ní í gbàgbé rẹ̀ nígbà tí ẹ̀rù bá ń bà á.

Ìgúnlẹ̀

Ọ̀rọ̀ mi kù sọ́dọ̀ àwa olùkọ́ àgbà. Ẹ jẹ́ kí a tún ìwé ìgbéléwọ̀n wa kọ, kí ọwọ́ ọmọ ní máàkì níbẹ̀ ju ọ̀dà orí kádíbọ́ọ̀dù lọ. Ẹ jẹ́ kí àwa náà gbé ọpọ́n ayò wọ gbọ̀ngàn ìdánilẹ́kọ̀ọ́, nítorí bí a bá ṣe kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò ṣe kọ́ ọmọ. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ẹ ń múra ìdánrawò, bí ohun èlò yín bá gbó tí ó sì ya kí n tó dé, ẹ má fi pamọ́ fún mi. Ẹ gbé e wá. Òun ni mo fẹ́ rí.