Igbó Òkè Mabu: ta ló kọ́kọ́ rí i?

Títí di òní ni àwọn oníròyìn kan ń pe igbó Òkè Mabu, ní àríwá Mòsámbíìkì, ní "igbó Google". Ní 2005, Julian Bayliss rí i nínú àwòrán Google Earth. Ní 2008, òun àti àwọn onímọ̀ Ọgbà Kew ti Lọ́ńdọ̀nù wọ ibẹ̀. Wọ́n bá igbó bíi hẹ́kítà 7,000, àti paramọ́lẹ̀ kan tí ìwé kò tíì dárúkọ rí.

Iṣẹ́ gidi ni. Ọ̀rọ̀ "ṣàwárí" ni kò bá wa lára mu. Àwọn ará ẹsẹ̀ òkè náà ti ń ṣọdẹ níbẹ̀ tipẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n sá sí nígbà ogun abẹ́lé tó parí ní 1992. (Ọmọ Ìdáàṣà tí bàbá ńlá rẹ̀ sá gun òkè nítorí ogun Dàhòmì mọ ohun tí à ń wí.)

Máàpù ń fi ìlà sọ gíga òkè, ṣùgbọ́n kò sọ ẹni tó ni ojú ọ̀nà ọdẹ. Bí ìwé bá ní ẹnikẹ́ni kò mọ igbó náà tẹ́lẹ̀, kí ni yóò dá ẹni tó ń wá àṣẹ igi gígé dúró? Kí orúkọ tí àwọn ará ibẹ̀ ń pe odò àti àpáta wọn kọ́kọ́ wọ máàpù, kí ìjọba tó fọwọ́ sí ìwé kankan.