Ohun Tí A Bá Fi Agbára Mú: Ọ̀rọ̀ Lórí Ẹ̀rọ Àtúnkì Ọta

Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ti pẹ́ ní ìpínlẹ̀ Texas pè mí ní ọjọ́ Sátidé kan. Ó ní ẹ̀rọ tí òun fi ń tún ọta ìbọn kì ti ń yọ òun lẹ́nu láti òwúrọ̀. Ó fa ọwọ́ ẹ̀rọ wálẹ̀, ó ń tì í padà kí práímà lè wọ ihò rẹ̀, ó dé ibì kan, ó kọ̀. Ó tún un tì, ó tún kọ̀. Mo bi í pé kí ni ó wá ṣe sí i. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo gbé ara lé e ni."

Àyà mi já. Orí bá a ṣe é, práímà náà kàn tẹ̀ pẹlẹbẹ ni, kò bú. Ṣùgbọ́n gbólóhùn yẹn, "mo gbé ara lé e," ni ó mú mi kọ ohun tí ẹ ń kà yìí, nítorí mo mọ̀ pé kì í ṣe òun nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò rí i rí. Ohun mẹ́rin ni ó para pọ̀ di ọta ìbọn òde òní: ìkarahun idẹ, ẹ̀tù inú rẹ̀, orí ọta tí ń fò jáde, àti práímà, ìyẹn ife kóńkóló kan ní ìdí ìkarahun, tí ń ta iná sí ẹ̀tù nígbà tí abẹ́rẹ́ inú ìbọn bá gbá a. Bí a bá ti yìn ín tán, ìkarahun nìkan ni ó ṣì wúlò. Ní Amẹ́ríkà, òfin gba ẹni tí ń yìnbọn láyè láti ṣa ìkarahun rẹ̀ jọ, kí ó ti práímà tó ti jó jáde, kí ó fi tuntun rọ́pò rẹ̀, kí ó sì tún un kì nílé fún ìlò ara rẹ̀. Owó ló ń sún ọ̀pọ̀ dé ìdí rẹ̀. Nígbà àjàkálẹ̀ àrùn kòrónà, láti ọdún 2020, práímà di àwátì. Ẹgbẹ̀rún kan tí wọ́n ti ń rà ní 30 dọ́là tàbí 40 dọ́là kọjá 100 dọ́là lọ́wọ́ àwọn tí ń tún un tà. (Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, ẹ má dán an wò o: òfin ìbọn Nàìjíríà ti ọdún 1959 kò gba aládàáni láyè láti máa ṣe ọta nínú ilé.)

Kí práímà tó dé, òkúta ni ìbọn fi ń ta iná. Àlùfáà ìjọ kan ní Scotland, Alexander John Forsyth, tí ó fẹ́ràn àti máa yìnbọn fún ẹyẹ, ni wọ́n ní ó ṣàkíyèsí pé ẹyẹ máa ń rí ìmọ́lẹ̀ iná òkúta náà, a sì fò lọ kí ọta tó bà á. Ní ọdún 1807 ó gba ìwé àṣẹ lórí ọ̀nà láti fi èròjà tí ń bú nígbà tí a bá gbá a rọ́pò òkúta. Ní 1866 ni Boxer, ọ̀gágun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti Berdan, ọmọ Amẹ́ríkà, gbé irú práímà tiwọn jáde. Ó pa mí lẹ́rìn-ín pé ti ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Amẹ́ríkà gbà, tí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù sì gba ti ọmọ Amẹ́ríkà. Lónìí, èròjà tí ó wọ́pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni lead styphnate. Èròjà yìí kò bèèrè ẹni tí ó gbá a. Abẹ́rẹ́ ìbọn ni o, ọwọ́ ẹ̀rọ ni o, iṣẹ́ kan náà ni yóò jẹ́.

Ẹ wá wo bí ilé iṣẹ́ ṣe ń di práímà kí ó tó dé ọjà. Ọgọ́rùn-ún ló sábà ń wà nínú páálí kékeré kan, olúkúlùkù ní ààyè tirẹ̀, kí ìbúgbàmù ọ̀kan má baà ran èkejì. Àjọ NFPA, tí ń ṣòfin ìdáàbòbò lórí iná ní Amẹ́ríkà, ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe ní ju 10,000 lọ nínú ilé ìgbé. Kí ni àwa wá ń ṣe nídìí ẹ̀rọ? A dà wọ́n sínú àwo pẹrẹsẹ, a gbọ̀n wọ́n títí wọn yóò fi dojú kọ ọ̀nà kan náà, a wá tò wọ́n sínú páìpù tín-ín-rín, ọgọ́rùn-ún, ọ̀kan lórí èkejì. Ààyè tí ilé iṣẹ́ fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ fi sáàárín wọn, àwa la pa á rẹ́. Kì í ṣe lásán ni ilé iṣẹ́ Dillon fi páìpù irin mìíràn bo páìpù práímà wọn: bí gbogbo rẹ̀ bá bú, kí iná gba òkè lọ, kí ó má gba ojú ènìyàn.

Nítorí náà, bí práímà bá há, ìdí ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni a dúró sí.

Ohun tí ń fa ìdènà yìí kì í sábà jẹ́ ohun ńlá. Eérú práímà tó ti jó a máa bọ́ sí ojú ọ̀nà tí tuntun ń gbà. Ẹnu páìpù, tí ó jẹ́ ike, a máa gbó, a sì tẹ̀. Bóòtì tó di ẹ̀rọ mọ́ tábìlì a máa tú, ẹ̀rọ a wá máa mì, práímà a sì dojú délẹ̀ lójú ọ̀nà. Èyí tí ó burú jù lójú tèmi ni èyí tí ń bí ara rẹ̀: práímà kan kọ̀ láti sọ̀kalẹ̀, ẹni tí ń fa ẹ̀rọ kò kíyè sí i, ẹ̀tù wọ inú ìkarahun tí kò ní ìdí, ó sì dà jáde sí abẹ́. Horo ẹ̀tù wọ̀nyẹn ni yóò dènà práímà tó tẹ̀ lé e, ìyẹn yóò dènà èyí tó tún ń bọ̀, àfi kí a dá ẹ̀rọ dúró kí a gbá a mọ́.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ìkarahun ni ó lẹ́bi. Ìkarahun tí àwọn ológun ti lò máa ń ní idẹ tí wọ́n tẹ̀ yí práímà ká kí ó má baà yọ. Bí a kò bá gé e kúrò, tuntun kò ní wọlé. Ti .45 ACP tún wà níbẹ̀: práímà ńlá ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ láti ìgbà ìwáṣẹ̀, àwọn ilé iṣẹ́ kan wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe èyí tó ń gba kékeré. Bí méjèèjì bá dàpọ̀ nínú garawa kan, ojú lásán kò tètè mọ̀ wọ́n yàtọ̀, ẹ̀rọ yóò sì máa ti práímà ńlá sínú ihò kékeré.

Nínú gbogbo ìwọ̀nyí, kò sí ọ̀kan tí agbára ọwọ́ ń wò sàn. Síbẹ̀ agbára ni a máa ń kọ́kọ́ lò. Ẹlòmíràn tilẹ̀ ń fi ọ̀pá gún práímà tó há nínú páìpù, bí ẹni ń gún àtàrí ọmọ odó. Ohun tí ó tọ́ kò ju pé kí a jọ̀wọ́ ọwọ́ ẹ̀rọ, kí a rí i dájú pé awò ìdáàbòbò wà lójú, kí a kọ́kọ́ yọ páìpù práímà kúrò pátápátá, kí a tó wá wo ohun tó há. Bí práímà bá yọrí síta lẹ́yìn tí ẹ̀tù àti orí ọta ti wọlé, a kì í tún un tẹ̀ wọlé. Ọta yẹn ti di èyí tí a ń tú palẹ̀.

Mo mọ èsì tí àwọn kan yóò fọ̀. Wọn yóò ní ẹ̀rọ tí a ń dá dúró ní gbogbo ìgbà kì í ṣe ẹ̀rọ. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti bá àwọn tí ń tà á jà. Iye ọta tí ẹ̀rọ lè bí láàárín wákàtí kan ni wọ́n fi ń polówó rẹ̀, bí ẹni ń polówó ẹ̀rọ ìlọta. Ẹni tí wọ́n ti kì láyà pé ọgọ́rùn-ún márùn-ún ni òun yóò ṣe kí ilẹ̀ tó ṣú, báwo ni ọwọ́ rẹ̀ yóò ṣe gbọ́ nígbà tí irin bá sọ pé ó tó? Ẹni tí kò yìn ju igba ọta lọ lóṣù, kí ni ó ń sáré lọ bá? Irinṣẹ́ kékeré kan wà tí a ń fi ọwọ́ tẹ̀ láti fi práímà sí ìkarahun ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìka ọwọ́ a máa mọ̀ ọ́n lára nígbà tí ihò bá fún jù, ohun tí apá tó ń fa ọwọ́ ẹ̀rọ gígùn kò lè mọ̀ dáadáa.

Ọ̀rẹ́ mi tú ẹ̀rọ rẹ̀ wò ní ọjọ́ kejì. Ìkarahun .45 oníhò kékeré mẹ́ta ni ó bá nínú èyí tí ó ṣà nílẹ̀ pápá ìyìnbọn. Ó ti ra irinṣẹ́ ọlọ́wọ́ náà báyìí, ó sì ń ráhùn sí mi létí pé iṣẹ́ náà lọ́ra jù, pé àádọ́ta péré ni òun ṣe láti ìgbà tí òun ti jẹun ọ̀sán. Mo bi í pé ojú ńkọ́, ọwọ́ ńkọ́. Ó ní wọ́n wà.