T Kékeré Orí Rìsíìtì

Lẹ́tà kékeré kan ló bà mí nínú jẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo ra itan adìẹ, ìrẹsì, tòmátì àti agolo oúnjẹ ológbò ní Bronx níbí, mo délé, mo jókòó ti rìsíìtì bí mo ti máa ń ṣe láti ìgbà tí ọjà ti ń gbówó lórí. Itan adìẹ kò ní T lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìrẹsì kò ní. Agolo ológbò nìkan ni T náà lẹ̀ mọ́, ìyẹn ni pé ìjọba ti bu tiwọn níbẹ̀: 8.875 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìpínlẹ̀ mú 4, ìlú mú 4.5, èyí tó kù bọ́ sápò ọkọ̀ ojú irin àti bọ́ọ̀sì.

Oúnjẹ tí ọmọ ènìyàn yóò lọ sè nílé kì í san owó-orí ọjà ní New York. Ti ológbò ń san án, bí ẹni pé ohun fàájì ni. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ẹni tó bá ń ra agolo $40 lọ́sẹ̀ méjì-méjì ń fi $3.55 lé e nígbà kọ̀ọ̀kan. Kí ọdún tó yípo, ó ti di $92.30. Owó-iṣẹ́ tó kéré jù lọ tí òfin fọwọ́ sí ní ìlú yìí ní 2025 jẹ́ $16.50 ní wákàtí kan. Ẹni tó ń nulẹ̀ fún owó yẹn yóò ṣiṣẹ́ bíi wákàtí márùn-ún àti ààbọ̀ nítorí T nìkan, a kò tíì kan owó agolo fúnra rẹ̀. Káàdì SNAP tí ọ̀pọ̀ ìdílé fi ń jẹun kò ra oúnjẹ ológbò rárá. Ní oṣù Kẹfà 2025, ìjọba àpapọ̀ tún gbé owó ibodè orí irin àti alumíníọ̀mù tó ń ti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ òkèèrè wọlé dé 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Kí ni wọ́n sì fi ń ṣe agolo?

Àwọn kan yóò béèrè pé kí ni tálákà ń fi ológbò ṣe. Ìbàdàn ni mo dàgbà sí, mo mọ ohun tí à ń fi í ṣe. Bí ológìnní bá ròde, ilé di ilé èkúté. Eku New York kò sì kéré: ní 2023, Eric Adams tó jẹ́ olórí ìlú nígbà náà yan Kathleen Corradi pé kó máa darí ogun tí ìlú ń gbé ti eku. Ìlú tó ti sanwó oṣù fún ọ̀gá lórí eku, tó tún ń gbowó lórí oúnjẹ ẹranko tí eku ń sá fún, ó yẹ kó ṣàlàyé ìṣirò rẹ̀ fún wa.

T yìí ló ti obìnrin ará ilé wa kan sínú wàhálà. Ọmọ rẹ̀ gbé ọmọ ológbò kan wálé, kò tíì pé oṣù mẹ́ta. Ìyá náà wo iye tí wọ́n lẹ̀ mọ́ agolo, ó wo itan adìẹ tí kò ní T, ó ní òun yóò máa ṣe oúnjẹ rẹ̀ fúnra òun. Wọ́n ti sọ fún un pé ẹran tútù ni ológbò ń jẹ nínú igbó, pé iná ló ń ba oúnjẹ jẹ́. Ó yọ egungun kúrò lára itan adìẹ kó má baà há ọmọ ológbò náà lọ́fun, ó gé ẹran wẹ́wẹ́, ó fi ẹ̀dọ̀ sí i. Ọmọ ológbò náà ń jẹ àjẹlá. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa ẹsẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó fò sílẹ̀ láti orí àga, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan sì kán.

Egungun tó yọ dànù ló fa gbogbo rẹ̀. Ológbò tó pa eku ń jẹ ẹ́ tegungun-tegungun, tọkàn-tẹ̀dọ̀, tẹ̀jẹ̀-tẹ̀jẹ̀. Ẹran lásán ní phosphorus púpọ̀, calcium inú rẹ̀ kò tó nǹkan, ara ọmọ ológbò tó ń dàgbà yóò sì lọ yá calcium lára egungun tirẹ̀. Bí ẹ̀dọ̀ bá pọ̀ jù fún ìgbà pípẹ́, fítámìn A inú rẹ̀ lè mú kí egungun ọrùn ológbò lẹ̀ pọ̀. Àwọn ẹja tútù kan ń pa fítámìn B1 run. Èròjà taurine tún wà ńbẹ̀, tó pọ̀ nínú ọkàn adìẹ àti ẹran itan. Bí kò bá tó, ọkàn ológbò yóò máa fẹ̀, yóò sì máa rẹ̀ ẹ́. Paul Pion àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì California ní Davis ló fi èyí hàn ní 1987, lára àwọn ológbò tó ń jẹ oúnjẹ ilé-iṣẹ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ náà ṣàṣìṣe nígbà náà, àmọ́ wọ́n rí ẹni yẹ̀ wọ́n wò, wọ́n sì fi taurine kún un. Ta ló ń yẹ abọ́ ìyá yìí wò? Ní 2019, àwọn olùwádìí láti yunifásítì kan náà yẹ ìlànà 114 wò fún oúnjẹ ológbò tí à ń ṣe nílé. Kò sí ọ̀kan ṣoṣo tó pé.

Àwọn tó fẹ́ràn ẹran tútù máa ń pe orúkọ Francis Pottenger, dókítà tó bọ́ ológbò ní California láàárín 1932 àti 1942, tó rí i pé àwọn tó jẹ ẹran sísè ń ṣàìsàn. Kò tíì sẹ́ni tó mọ̀ nígbà náà pé ológbò kò lè ṣe aláìní taurine, bẹ́ẹ̀ omi tí a fi se ẹran máa ń gbà á lọ. Mo bọ̀wọ̀ fún ẹni tó ń ṣe ẹran tútù bó ti yẹ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń lọ egungun, firísà, taurine, fítámìn, àti dókítà ẹranko tó mọ̀ nípa oúnjẹ tí yóò kọ ìlànà sílẹ̀, owó ni gbogbo wọn. Ẹni tó sá fún T kò ní wọn.

Àrùn ńkọ́? Ní oṣù Kejì 2025, wọ́n rí àrùn ẹyẹ H5N1 nínú ọjà adìẹ ààyè ní Bronx, Brooklyn àti Queens, Gómìnà Kathy Hochul sì ní kí wọ́n ti àwọn ọjà náà fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn ọjà yìí ni àwa ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti ń ra adìẹ líle tí ń bẹ nínú ọbẹ̀ wa. Ní oṣù Kejìlá 2024 ni wọ́n ti kó oúnjẹ tútù ológbò ti Northwest Naturals kúrò lórí àtẹ lẹ́yìn tí àrùn yìí kan náà pa ológbò kan ní Oregon. Ní oṣù Kẹta 2025, ilé-iṣẹ́ ìlera New York kìlọ̀ nípa ẹran adìẹ Savage Cat Food, nígbà tí àrùn náà dé ara ológbò nínú ìlú yìí. Firísà kì í pa á, iná ló ń pa á. FDA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, ti yẹ oúnjẹ tútù ẹranko 196 wò ṣáájú: 15 ní Salmonella, 32 ní Listeria. Orí pákó tí a ti ń gé ẹran ológbò náà la ti ń gé ata fún àwọn ọmọ.

Mo fẹ́ kí àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ ní Albany yọ T náà kúrò. Mo fẹ́ kí àwọn ibi tí wọ́n ti ń fi oúnjẹ ta àwọn aláìní lọ́rẹ máa fi agolo díẹ̀ sínú àpò fún ẹni tó ní ẹranko nílé. Mo sì fẹ́ kí…

Obìnrin náà kanlẹ̀kùn mi ní alẹ́ Sunday. Ó gbé ọmọ ológbò náà dání, wọ́n ti di ẹsẹ̀ rẹ̀. Owó fọ́tò egungun àti ti dókítà ti kọjá owó agolo ọdún kan, ó ti yá níbẹ̀. Ó ṣí agolo kan sí ilé ìdáná mi, ẹranko náà sì ń jẹ, ó ń kùn bí ẹ̀rọ ìránṣọ.

“Ẹ̀gbọ́n,” ó ní, “agolo mẹ́rin ló kù. Ọjọ́ Friday ni wọn ó sanwó fún mi.”

Mo bá a kà wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i. Mẹ́rin ni lóòótọ́.