Ẹ̀sùn Mi Kan Àwọn Tó Ń Bá Ènìyàn Ṣe Owó Orí ní Dùgbẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń bá ènìyàn ṣe ìwé owó orí ní Dùgbẹ̀, nílùú Ìbàdàn, ẹ̀yin ni mo pe ẹjọ́ yìí. Mi ò da gbogbo yín pọ̀. Àwọn tó kọ́ iṣẹ́ náà, tí wọ́n forúkọ sílẹ̀, tí wọ́n ń gba owó iṣẹ́ wọn ní gbangba wà láàárín yín, ọ̀rọ̀ á sì kàn wọ́n kí n tó dákẹ́. Àwọn tí mo ń bá wí ni àwọn tó jókòó ti kọ̀ǹpútà kan, tàbí tó kó fáìlì sábíyá kiri, tí wọ́n ń sọ fún aránṣọ, fún bíríkìlà, fún olùkọ́ tó ń ṣe lẹ́sìnnì ìrọ̀lẹ́ pé, "Ẹ mú owó wá, mo máa bá yín parí ẹ̀."

Ẹ̀sùn àkọ́kọ́ ni pé ẹ kì í jẹ́ ká mọ èyí tó jẹ́ ti ìjọba àti èyí tó jẹ́ tiyín. Iye kan ṣoṣo lẹ máa ń dá léni. Inú rẹ̀ ni owó orí wà, inú rẹ̀ ni owó iṣẹ́ yín wà, inú rẹ̀ náà ni ohun tí ẹ ń pè ní "owó àwọn ará ọ́fíìsì" wà. Bí oníbàárà bá ní kí ẹ là á yé òun, ojú yín á le.

Aránṣọ kan tí mo mọ̀ dáadáa, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lápá Ògúnpa, rí iṣẹ́ yúnífọ́ọ̀mù kan ní 2024. Wọ́n ní kó mú tax clearance, ìwé ẹ̀rí pé ó ti san owó orí, ti ọdún mẹ́ta wá. Ajẹ́ntì kan gba 60,000 naira lọ́wọ́ rẹ̀. "Mummy, ẹ fọkàn balẹ̀, kò ní í pẹ́." Nígbà tí ìwé dé, ó gbé e wá kí n bá òun kà á. Rìsíìtì ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, 18,000 naira ni gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ẹgbẹ̀rún méjìlélógójì yòókù kò sí nínú ìwé kankan. Níbi iṣẹ́, "petty trading" ni wọ́n kọ, obìnrin tó ti ń ránṣọ látìgbà ọmọge. Wọ́n ní Mọ́níyà ló ń gbé. Òkè-Àdó ni ilé rẹ̀. Nọ́ńbà fóònù tó wà níbẹ̀, ti ajẹ́ntì ni. Í-meèlì náà, ti ajẹ́ntì ni. Iye tó ń wọlé fún un lọ́dún wà níbẹ̀ gbọnrangandan, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò bi í léèrè rí.

Ibẹ̀ ni ẹ̀sùn kejì ti wá: ẹ ń fi orúkọ ẹlòmíràn parọ́. Oníbàárà ló fọwọ́ sí i pé òótọ́ ni gbogbo ohun tó wà nínú fọ́ọ̀mù. Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá di ọ̀rọ̀, òun ni wọn yóò ránṣẹ́ pè, ẹ̀yin ò ní sí níbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá gba owó láti bá ènìyàn kọ fọ́ọ̀mù owó orí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i fúnra rẹ̀, kó sì kọ nọ́ńbà tí ìjọba fún un sí i. Níhìn-ín, ẹ gba owó, orúkọ yín kò sì sí níbì kankan. Bẹ́ẹ̀ sì ni òfin tó fìdí CITN, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ owó orí ní Nàìjíríà, múlẹ̀ ní 1992 kò fún ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀ láyè láti máa pe ara rẹ̀ ní oníṣẹ́ owó orí.

Ẹ̀sùn kẹta kò gùn. Nọ́ńbà fóònù àti í-meèlì tí ẹ fi tiyín rọ́pò, kì í ṣe àṣìṣe. Ọ̀dọ̀ yín ni iṣẹ́ tí ìjọba bá rán ń bọ̀, ẹ̀yin lẹ mọ password àkáǹtì owó orí oníbàárà. Lọ́dún tó bá tẹ̀ lé e, oníbàárà kò ní lè lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn láìjẹ́ pé ó tún san nǹkan fún yín.

Ẹ̀sùn kẹrin ló dùn mí jù. Ẹ ń fi òfin tuntun dẹ́rù ba ẹni tí òfin náà wá ràn lọ́wọ́. Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí òfin owó orí tuntun ní oṣù Kẹfà 2025, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2026. Ohun tí ẹ ń kà sí wọn létí ni ìtanràn: 100,000 naira fún oṣù àkọ́kọ́ tí ènìyàn bá pẹ́ kó tó mú ìṣirò owó tó wọlé fún un wá, 50,000 fún oṣù kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn rẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ẹ ò ka ìyókù? 800,000 naira àkọ́kọ́ lọ́dún, ẹnikẹ́ni kò san kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Ẹni tó ń rí 750,000 lọ́dún, fọ́ọ̀mù nìkan ló kù fún un láti kọ. Bí ẹ bá gba "owó orí" lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀, olè ni.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò ti ẹni tó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ká ní bíríkìlà kan ń rí 1,200,000 naira lọ́dún lẹ́yìn tó ti yọ ìnáwó iṣẹ́ kúrò, tó sì ń san 300,000 fún ilé tó ń gbé. Òfin ní kí wọ́n yọ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé náà, ìyẹn 60,000. Ó ku 1,140,000. Ẹ yọ 800,000 kúrò, ó ku 340,000, náírà 15 ni wọ́n sì ń gbà lórí ọgọ́rùn-ún kọ̀ọ̀kan. Owó orí rẹ̀ jẹ́ 51,000 naira. Bí ajẹ́ntì kò bá bi í pé, "Èló lẹ̀ ń san fún lánlọ́ọ̀dù?", 60,000 ni yóò san. Ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án ti lọ, nítorí ìbéèrè kan. Ìbéèrè yẹn gan-an ni iṣẹ́ tí ẹ ń gbowó lé lórí.

Ẹ̀sùn karùn-ún: ẹ ń ta ohun tí kì í ṣe títà. Òfin owó orí 1993, tó ń ṣiṣẹ́ títí òfin tuntun fi rọ́pò rẹ̀ ní 2026, sọ pé bí ènìyàn bá ti san gbèsè rẹ̀ tán, kí wọ́n fún un ní tax clearance láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tó bá béèrè, tàbí kí wọ́n sọ ìdí tí wọn kò fi fún un. Òfin náà kò dá owó lé ìwé yẹn. Síbẹ̀, nítorí pé wọ́n lè béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ gba ìsọ̀ nínú ọjà, ẹni tó fẹ́ kọ́lé, ẹni tó fẹ́ gba iṣẹ́ ìjọba, ẹ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ẹ ń gba owó "kíákíá". Òfin 1998 lórí gbígba owó orí sì sọ pé ẹni tí kì í ṣe aláṣẹ owó orí kò gbọdọ̀ dá owó orí léni, kò sì gbọdọ̀ gbà á. Ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta ló fi síbẹ̀, tàbí ìtanràn, tàbí méjèèjì.

Ìlú yìí mọ ibi tí irú ìwà bẹ́ẹ̀ máa ń já sí. Cocoa House tó ga sókè lórí Dùgbẹ̀, owó kòkó ni wọ́n fi kọ́ ọ, wọ́n parí rẹ̀ ní 1965. Nígbà tó fi máa di oṣù Kọkànlá 1968, àwọn àgbẹ̀ tó gbin kòkó ti ya wọ gbọ̀ngàn Mápó pẹ̀lú ìbínú, ìjà Àgbẹ́kọ̀yà sì ti bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe pé owó orí pọ̀ nìkan ló bí wọn nínú. Ìwà àwọn tó ń gbà á, lílù tí wọ́n ń lu ènìyàn, owó tí wọ́n ń gbà tí kì í dé àpò ìjọba, wà nínú ohun tí wọ́n kà sílẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀ Adájọ́ Ayoola tó wádìí ìjà náà.

Ó kan ẹ̀yin tí ẹ kàwé iṣẹ́ náà. Ẹ rí gbogbo èyí, ẹ dákẹ́. Kí ni aláìmọ̀ yóò fi mọ̀ pé wọ́n rẹ́ òun jẹ, nígbà tí ẹ ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ iye tó yẹ kí iṣẹ́ ẹni kan ṣoṣo jẹ́? Ní Amẹ́ríkà, ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní VITA, níbi tí àwọn olùyọ̀ǹda ti ń bá tálákà kọ fọ́ọ̀mù owó orí lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ ìṣirò owó kún Poli Ìbàdàn. Ẹ lè kó wọn jókòó nínú ọjà Dùgbẹ̀ ní oṣù Kejì, kí gbèdéke ọjọ́ 31 oṣù Kẹta tó dé. Ìjọba náà kò ṣàìlẹ́bi: fọ́ọ̀mù tó wà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ń lé ìyá oníṣọ́ọ̀bù lọ sọ́wọ́ ajẹ́ntì ni.

Iṣẹ́ ni iṣẹ́ yín, ẹ gba owó iṣẹ́. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gba náírà kan, ẹ mú bébà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ níwájú oníbàárà: owó orí ìjọba, iye báyìí, owó iṣẹ́ mi, iye báyìí. Ẹ kọ orúkọ yín sísàlẹ̀, ẹ fọwọ́ sí i, kí ẹ sì jẹ́ kó mú ìwé náà lọ sílé. Nọ́ńbà fóònù tirẹ̀ ni kí ẹ kọ sínú fọ́ọ̀mù.