Ẹni Tó Lẹ́rù Ní Í Gbé Ibi Tó Wúwo

Àwọn àgbà ní ẹni tó lẹ́rù ní í gbé ibi tó wúwo. Bí aládùúgbò bá bá ni gbé e, ìdí tó fúyẹ́ ni yóò dì mú, kò sì sẹ́ni tí yóò bá a jà sí i. Òwe yìí ni mo fẹ́ fi bá àwọn ọ̀dọ́ olórin wa sọ̀rọ̀, àwọn tó ń yangàn pé àwọn kò sí lábẹ́ iléeṣẹ́ kankan, pé àwọn fúnra wọn ló ń gbé orin àwọn jáde. Ohun ìyìn ni. Ṣùgbọ́n ṣé wọ́n mọ̀ pé ibi tó wúwo ti kúrò lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ó ti bọ́ sórí àwọn?

Àwọn kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní 1969 ni I. K. Dairo oníjùjú àti Haruna Ishola alápàlà parapọ̀ dá Star Records sílẹ̀. Ní 1974, King Sunny Adé àti iléeṣẹ́ tó ń tẹ àwo rẹ̀ dé ilé ẹjọ́, ó sì lọ dá Sunny Alade Records tirẹ̀ sílẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ téèpù tí wọ́n fi gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní másítà, kò tán. Ó di ọdún 2016 kí ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó tó dá a láre, tí wọ́n ní kí àwọn tó pè lẹ́jọ́ san mílíọ̀nù 500 náírà fún un. Ẹ ṣírò rẹ̀: ó lé ní ogójì ọdún. Odidi ọba orin là ń sọ o, ẹni tó ní agbẹjọ́rò, tó lówó, tó sì lórúkọ. Ẹni tí kò ní bébà kan lọ́wọ́, kí ni yóò dì mú?

Ọ̀pọ̀ rò pé ajẹnirun lásán ni iléeṣẹ́ àwo orin ayé àtijọ́. Lóòótọ́, wọ́n jẹ ọ̀pọ̀ olórin dé eegun. Ṣùgbọ́n àwọn náà ló ń san owó sitúdíò, àwọn ló ń tọ́jú másítà, àwọn ló ń kó àwo dé ọjà. A lé wọn lọ, iṣẹ́ wọn kò bá wọn lọ. Ta ló wá ń ṣe é?

Mo bi ọ̀dọ́ olórin kan n'Íbàdàn lọ́jọ́ kan pé, "Ta ló lu gángan inú orin rẹ yìí?" Orin náà dùn, ìlù yẹn gan-an ló sì gbé e. Ó ní, "Bàbá onígángan kan ni, ẹ̀gbọ́n. Wọ́n wá sí sitúdíò lálẹ́ ọjọ́ kan, mo fún wọn lówó ọkọ̀." Kò mọ orúkọ wọn. Kò mọ ilé wọn. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí jù. Ẹni tó ń ké pé iléeṣẹ́ ń rẹ́ olórin jẹ ti di iléeṣẹ́ fúnra rẹ̀, ó sì ti rẹ́ onílù jẹ.

Àwọn ọ̀dọ́ olórin á ní, "Owó wo la tíì rí tí a ó pín?" Òótọ́ wà níbẹ̀. Láti 2024, orin tí wọn kò bá gbọ́ tó ìgbà 1,000 lórí Spotify láàárín oṣù 12, kò ní kọ́bọ̀ tí yóò pa níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà tí owó kò tíì dé gan-an ni ìgbà àtipín in. Nígbà tí àpò bá ṣófo, kò sẹ́ni tó ń jà lórí ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ọjọ́ tí orin bá gbòde ni ọ̀rẹ́ ń di ọ̀tá. Orin tí kò bá ṣòro í dá, kì í ṣòro í gbè. Bébà kan ṣoṣo ti tó: orúkọ ẹni tó kọ orin, ẹni tó ṣe bíìtì, onílù, elégbè, ìdá tó kan kálukú, ìbuwọ́lùwé, ọjọ́. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ ilẹ̀ wa ti 2022 sọ pé ẹni tó bá fẹ́ gbé ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún ẹlòmíràn, àfi kó kọ ọ́ sílẹ̀. "A ti jọ sọ ọ́" kò lè dúró níwájú adájọ́.

Ẹ̀tọ́ méjì ló sì wà nínú orin kan. Orin fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ àti ohùn, jẹ́ ti ẹni tó kọ ọ́ títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ohùn tí a gbà sílẹ̀ ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀, 50 ọdún lẹ́yìn ọdún tí a gbé e jáde. Nítorí náà, ẹni tó bá gé àpàlà àtijọ́ sínú bíìtì rẹ̀, ilẹ̀kùn méjì ló gbọ́dọ̀ kàn. Bó bá sì jẹ́ orin ìbílẹ̀ ló mú, òfin kan náà ní kó sọ ìlú tàbí àwùjọ tó ti mú un.

Àìtètè mólè, olè a mólóko. Àjèjì lè forúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀ lórí YouTube bí ẹni tó ni orin rẹ. Ọjọ́ tí ìwọ bá gbé e síbẹ̀, ìwọ ni wọn yóò pè lólè. Tọ́jú iṣẹ́ sitúdíò rẹ síbi méjì, pẹ̀lú ọjọ́ tí o ṣe é.

Ọjọ́ Ẹtì ni orin tuntun ń jáde káàkiri ayé. Bí tìrẹ bá wà lọ́nà, ìwọ olórin tó ń kà mí yìí, má tíì fi í ránṣẹ́. Padà sí sitúdíò, béèrè orúkọ bàbá onígángan, kí o sì wá wọn dé ilé.